Ẹ Má Kó Àwọn Ọmọ Kúrò Nínú Kásù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti sọ ọ́ títí ẹnu fi ń ro mí: ọmọ mi ò fẹ́ kí ẹ kó àwọn ọmọ yòókù kúrò nínú bọ́ńsìn kásù nítorí òun. Kò bẹ̀ yín. Èmi náà ò bẹ̀ yín. Ẹ kàn fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa fò.

Ẹni tí kò bá mọ bọ́ńsìn kásù, ilé rọ́bà ńlá ni, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ títí tí yóò fi wú, tí yóò sì nàró. Àwọn ọmọ á bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á wọlé, wọ́n á sì máa fò bí ẹ̀wà tó ń hó nínú ìkòkò. Ní Lokoja níbí, ayẹyẹ ọmọdé kankan ò pé mọ́ láìsí i. Ọjọ́ ìbí ni o, ìparí ọdún ilé ìwé ni o, Iléyá ni o, Kérésì ni o, àfi kí o ṣàdédé rí i tó yọrí lókè ọgbà ẹni kan, pupa àti yẹ́lò àti àwọ̀ ewé, kí jẹnẹrétọ̀ sì máa ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Ọmọ mi obìnrin, àbíkẹ́yìn mi, ní ohun tí àwọn dókítà ń pè ní ọ́tísìmù. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò sì tíì sọ̀rọ̀ kankan. Ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì fura pé ó gbọ́ Ẹ̀bìrà ti obìnrin tó ń dín àkàrà níwájú ilé wa, torí pé èdè yòówù kí wọ́n fi dárúkọ àkàrà, á ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Ó kàn jẹ́ pé kò sí èyí tó ń sọ nínú wọn. Kì í sì í kíni. Bẹ́ẹ̀ àwa ará apá ìwọ̀ oòrùn Kogi, ìkíni wa ni wọ́n fi ń pè wá. "Òkun o" la fi ń kí ara wa, òun náà ni gbogbo ayé fi sọ wá ní Òkun. Lọ bímọ sáàárín irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, kí ọmọ náà wá máa kọjá lára àgbà bí ìgbà tí èèyàn ń kọjá lára òpó iná, o máa rí ohun tí ojú ń rí. Àwọn kan ti sọ fún mi pé mi ò kọ́ ọ nílé. Àwọn kan ní kí n gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n máa bu omi sínú agogo fún un mu, pé ìyẹn ló máa là á lóhùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, mo sì wọlé lọ.

Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísọ. Kì í ṣe ìkíni náà. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Láti kékeré ni. Tí mo bá gbé e mọ́ra, ara rẹ̀ á le gbagidi, á fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí, á sá lọ sẹ́yìn àga. Ó gbà kí n wẹ òun, ó gbà kí n di irun òun, torí ó ti fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí n kàn dì mọ́ ọn lásán nítorí pé mo bí i, kò gbà. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì ṣì máa ń gun mí lára bí àga, èyí tó wù mí kí n gbé mọ́ra jù ni kò jẹ́ kí n sún mọ́ òun. Ó ń dùn mí. Mi ò ní purọ́.

Ọdún Iléyá kan ni ọ̀rọ̀ kásù bẹ̀rẹ̀. Mo mú un dání lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Old Market, ọmọ àwọn oníṣòwò Ìlọrin tí wọ́n ti ń gbé etí odò níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi yìí ló ní kásù tó ń fi yáni, ó sì ti gbé e kalẹ̀ sí gbàgede kan lẹ́yìn ilé wọn. Àwọn ọmọ Yorùbá, Nupe, Hausa, Igala, gbogbo wọn ti kó sínú rẹ̀ nínú aṣọ ọdún, wọ́n ń pariwo ní oríṣiríṣi èdè. A ń kọjá lọ ni, mo di ọwọ́ ọmọ mi mú ní ọrùn ọwọ́, níbi tó gbà mí láyè dé. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti já ọwọ́ gbà. Ó wọ inú kásù tòun ti bàtà, ó rìn lọ sí àárín gbùngbùn, ó sì dùbúlẹ̀ gbalaja, ó kọjú sókè.

Mo rò pé wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pa. Mo ti ń bọ́ bàtà láti wọlé lọ gbé e, nígbà tí mo rí i pé àwọn ọmọ náà kàn ń fò yí i ká. Wọn ò dúró, wọn ò wò ó lójú, wọn ò béèrè ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá fò ó dá. Bí wọ́n sì ṣe ń fò, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ rọ́bà náà ń gbé e sókè, tó ń sọ ọ́ sílẹ̀, tó tún ń gbé e. Òun fúnra rẹ̀ ò mira. Ẹsẹ̀ àwọn tó kù ló ń bá a fò.

Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ nílé kékeré ni, tí yóò dá rín sí ara ògiri. Èyí wá láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó ń já jáde pẹ̀lú bí ilẹ̀ ṣe ń gbé e. Mo fi bàtà kan dání, mo dúró síbẹ̀ bí ọ̀dẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi bi mí pé kí ló dé tí mò ń sunkún lọ́jọ́ ọdún.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń béèrè kásù lọ́wọ́ mi, láìsọ̀rọ̀. Á lọ dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ táìlì ní pálọ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀, pá, á wá wò mí. Tí mi ò bá dáhùn, á tún gbá a. Ó lè gbá a kí a tó jẹun àárọ̀, kó gbá a nígbà tí a ń gbàdúrà, kó gbá a nígbà tí mo bá ń wọṣọ ọ́fíìsì tí mo ti pẹ́. Kò sóhun tó yé mi tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọwọ́ rẹ̀. Kásù ni. Kásù ńkọ́? Ìgbà wo ni kásù?

Mo rò pé èyí máa rọrùn, torí kásù kún ìgboro. Mi ò mọ̀ pé àánú àwọn èèyàn ò ní jẹ́ kó ṣeé ṣe.

Ibi ìṣeré kan ní Ganaja, lójú ọ̀nà Ajaokuta, la kọ́kọ́ lọ. A wọ kẹ̀kẹ́ láti Gadumo níbi tí à ń gbé, oòrùn lù wá, ọmọ mi sì ti ń gbá àga kẹ̀kẹ́ láti ojú ọ̀nà. Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kásù wo ojú rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń jù fìrìfìrì, ó ní, "Háà, Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ n ṣètò ẹ̀ fún un." Kí n tó lanu, ó ti fọn fèrè. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jáde! Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí ráyè!" Gbogbo wọn jáde. Ọmọ mi wọlé, ó dùbúlẹ̀, ó ń retí. Ilẹ̀ ò mira. Ó gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí nǹkan kan. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, gbá gbá gbá, ó wá ké. Tó bá ké bẹ́ẹ̀, kì í tètè tán, á máa bu ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ. "Ẹ̀rù ló ń bà á," ni ọmọbìnrin yẹn wí, ó sì ràn mí lọ́wọ́ láti gbé e jáde. Ẹ̀rù wo? Mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ àlàyé lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, pẹ̀lú ọmọ tó ń ké lábẹ́ apá mi?

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ìparí ọdún ilé ìwé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbi Kérésì àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún un. Gbogbo àgbà tò yí kásù ká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọ kan ṣoṣo tó dùbúlẹ̀ sórí rọ́bà tí kò mira, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ wò ó bó ṣe ń sinmi." Ó ń sinmi kẹ̀! Ó ń dúró dè yín ni! Ọkọ mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, Abúja ló ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé. Òun ló gbé e jáde nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ gbá awò ojú bàbá rẹ̀ bọ́, ẹnì kan sì ń fi fóònù ká a sílẹ̀.

Nígbà tí a délé tí ọkọ mi pa mọ́tò tán, ó ní, "Ìyá wọn, ó tó. Mi ò lè máa wo kí wọ́n máa fi ọmọ mi ṣe ìran. Tó bá ti di ibi ayẹyẹ, kó máa jókòó sílé."

Mo ní kì í ṣe ọmọ náà ló ṣẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Mo ní tí wọ́n bá lè fi àwọn ọmọ tó kù sílẹ̀ kí wọ́n máa fò, kò ní ké. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀ rí?" Mo bẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn, ó gbà fún mi lẹ́ẹ̀kan péré sí i: ọjọ́ ìbí àwọn ìbejì ẹni tó múlé tì wá. Tó bá ké níbẹ̀ náà, ó parí, kò ní sí kásù mọ́, kò ní sí ayẹyẹ mọ́. Mo mọ ọkọ mi. Kì í pariwo, ṣùgbọ́n tó bá ti sọ ọ́, ó sọ ọ́ nìyẹn. Inú pálọ̀ ni ọmọ mi wà ní gbogbo àkókò tí à ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ń gbá ilẹ̀.

Ìyá Ìbejì kì í ṣe èèyàn burúkú. Ká ní èèyàn burúkú ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, òun ló dáná fún ilé mi títí mo fi gbádùn. Tí iná bá lọ tí tiwọn wà, á na wáyà sí wa láti orí fẹ́ǹsì. Tí èèyàn bá ṣe ọ́ níkà, o mọ ohun tí wàá sọ fún un. Ẹni tó ń ṣàánú rẹ ńkọ́? Kí lo fẹ́ sọ? Tí o bá bínú, ìwọ lo di aláìmoore.

Mo lọ bá a kí ọjọ́ tó kò. Ó ń gé ṣinṣín lórí tábìlì, ìyẹ̀fun kún ọwọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, òkun o." Ó ní, "Òkun o, àǹtí mi, ẹ jókòó." Mo ṣàlàyé fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Mo ní ọmọ yìí ò fẹ́ dá wà nínú kásù. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ máa fò nígbà tí òun bá dùbúlẹ̀. Ohun tó ń gbádùn nìyẹn. Ẹ má kó wọn jáde.

Ó ní, "Mo ti gbọ́."

Mo tún un sọ. Mo ní kò sẹ́ni tó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo ní mo ti rí i lójú mi.

"Àǹtí mi, mo ní mo ti gbọ́. Ṣé ọmọ yín nìkan ni? Ọmọ wa ni. A máa tọ́jú ẹ̀ dáadáa."

Ọ̀rọ̀ "tọ́jú" yẹn, ó yẹ kí n ti fura sí i. Mo padà sílé, mo tún pe oníkásù lórí fóònù, torí òun náà ni wọ́n gbéṣẹ́ fún, àbúrò ọ̀rẹ́ mi ti Old Market. Ó ní, "Hajiya, ẹ fọkàn balẹ̀." Mi ò lọ sí Mẹ́kà rí, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni mí, ó sì mọ̀. Obìnrin tó bá ti sanra ni Hajiya lójú tiẹ̀. Ara mi tóbi, mo gbà. Nínú kẹ̀kẹ́, èmi ni wọ́n máa ń sọ fún pé kí n jókòó sí àárín kí kẹ̀kẹ́ má baà dà. Nílé, àwọn ọmọkùnrin mi máa ń sọ pé àga pálọ̀ ti gba àwòrán ìdí mi.

Ọjọ́ náà pé. Ọjọ́ Sátidé ni, oòrùn Lokoja sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Kásù gba ìdajì àgbàlá Ìyá Ìbejì, jẹnẹrétọ̀ ń ké, DJ ń lu orin, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ń rùn tàsánsán. Mo ti fi síkáàfù di etí ọmọ mi mọ́lé nítorí ariwo. Ọkọ mi bá wa wá. Ó wá àga sí ẹ̀gbẹ́ géètì, ó jókòó, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fi í sápò. Gbogbo ìgbà tí mo bá wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yẹn ni mò ń rí.

Ọmọ mi ò wo ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà, ó bọ́ bàtà, èyí tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọ́ nílé, ó wọ inú kásù láàárín àwọn ọmọ tó ń fò, ó dùbúlẹ̀. Àwọn ìbejì ń fò ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Ilẹ̀ gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kejì. Mo rí igun ẹnu rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Mo ní nínú ọkàn mi pé, Olúwa, o ṣeun.

Mo gbọ́ tí orin dákẹ́.

Ìyá Ìbejì ti gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ DJ. "Ẹ dúró, ẹ dúró! Gbogbo ọmọ, ẹ jáde nínú kásù! A ní ọmọ pàtàkì kan láàárín wa lónìí. Ẹ jẹ́ ká fàyè sílẹ̀ fún un. Ẹ̀yin ìyá, ẹ di ọmọ yín mú. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún ọmọ mi!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọ ń jáde, wọ́n ń fajú ro, ìyá kọ̀ọ̀kan sì ń di tiẹ̀ lọ́wọ́ mú. Fóònù jáde. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo sáré lọ bá a, mo ní, "Ìyá Ìbejì! Kí ni mo sọ fún yín?"

Ó bo ẹnu gbohùngbohùn, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Àǹtí mi, mo rántí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i nílẹ̀ tí wọ́n ń fò lé e lórí, àánú ẹ̀ ṣe mí. Mi ò lè máa wò ó."

"Ẹ dá wọn padà!"

"Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

"Wọn ò ní tẹ̀ ẹ́!"

"Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀ ń rí i, ó ń gbádùn ẹ̀."

Pá. Ọmọ mi ti gbá ilẹ̀. Mo mọ bó ṣe ń lọ. Mo gbá ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mú kí n tì í wọlé, obìnrin kan fà á padà ní ọwọ́ kejì, a ń fa ọmọ ọlọ́mọ láàárín ara wa. Mo ní, "Ẹ tú u sílẹ̀." Ó ní, "Ah, Mummy, we no fit o, make dem no wound am." Pá, pá. Igun ẹnu tó ti ń ṣí ti padé. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ẹnu, eyín ti kàn án. Mo wo ọ̀nà géètì. Ọkọ mi ti dìde.

Inú bí mi débi pé mi ò rí iwájú dáadáa. Ó bí mi sí Ìyá Ìbejì, ó bí mi sí àwọn fóònù, ó bí mi sí gbogbo ẹni tó ti fọn fèrè, tó ti pàtẹ́wọ́, tó ti sọ fún mi pé pẹ̀lẹ́. Tí ẹ ò bá ní jẹ́ kí ọmọ kankan fò, ó dáa. Mo ta bàtà sọnù. Mo ká ìró mi sókè, mo sán an mọ́ ìdí, mo sì forí lé ẹnu kásù.

Oníkásù fò dìde lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀. "Haba, Hajiya! Ilé ọmọdé ni o! Hajiya, ó máa bẹ́!"

Mo ní, "Tó bá fẹ́ bẹ́, kó bẹ́!"

Wíwọlé gan-an ò rọrùn. Orúnkún ni mo fi wọlé, gbogbo àgbàlá sì ń wo ìdí mi. Nígbà tí mo nàró, ilẹ̀ náà yẹ̀ lábẹ́ mi bí ẹrẹ̀. Mo gbá ara mi jọ, mo fò. Ìfò burúkú gbáà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo balẹ̀, gbogbo kásù mì tìtì, ọmọ mi sì kúrò nílẹ̀ pátápátá. Kò tíì sí ọmọdé kan tó gbé e dé ibẹ̀ rí. Ó balẹ̀, ó la ojú rekete, ọwọ́ rẹ̀ jáde lẹ́nu. Mo tún fò. Ẹ̀rín ti Iléyá yẹn já jáde.

Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń hó yèè. Gèlè mi ti bọ́. Oníkásù dorí kodò lẹ́bàá ẹ̀rọ rẹ̀, mo rò pé òun náà ń gbàdúrà. Mo mọ̀ pé àwòrán mi máa wà lórí wátsáàpù ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì wà níbẹ̀. Kò kàn mí. Mo fò títí orúnkún mi fi ń dún, títí èémí mi fi ń há, títí ẹsẹ̀ mi fi kọ̀ tí mo sì ṣubú lulẹ̀ gbìì, mo fẹ̀yìn lélẹ̀, mò ń mí bí ajá tó sáré.

Ibi tí mo ṣubú sí tẹ̀ kòtò. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe, pẹ̀lú bí mo ṣe tóbi tó? Ọmọ mi ò jìnnà sí mi. Ilẹ̀ náà dagẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo ara rẹ̀ fi wá lé mi ní ìhà, láti èjìká dé ẹsẹ̀.

Mo ń retí ìgbọ̀nwọ́. Mo ń retí kí ara rẹ̀ le gbagidi kó sì sá. Kò le. Kò sá. Mi ò gbé ọwọ́ mi láti dì í mú, mo kà á léèwọ̀ fún ara mi, mo ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà. Mo gbọ́ òórùn irun rẹ̀. Ìgbà ìkẹyìn tó sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, inú mi ló wà.

Mo wá gbọ́ ohùn gbohùngbohùn, jẹ́jẹ́: "Ẹ dákẹ́, ẹ má yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí ìyá àti ọmọ sinmi." Àwọn obìnrin ń sọ pé "àwúù." Wọ́n ṣì di àwọn ọmọ mú! Gbogbo fífò tí mo fò, wọn ò rí nǹkan kan kọ́! Ilẹ̀ ti dákẹ́ pátápátá lábẹ́ wa, mo sì mọ ohun tó ń bọ̀. Ó máa gbá ilẹ̀, ó máa ké, bàbá rẹ̀ máa wá gbé e.

Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó gbá mi níkùn, pá.

Kì í ṣe ilẹ̀ ló gbá. Èmi ni. Ó dúró díẹ̀, ó tún gbá mi, pá, ó yíjú wò mí.

Mo gbìyànjú láti dìde. Ẹsẹ̀ mi ò dá mi lóhùn. Mo tún gbìyànjú, mo ṣubú padà sínú kòtò mi. Kò sí ariwo kankan tó kù nínú mi. Ohùn tó jáde lẹ́nu mi, ohùn ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ni.

"Ìyá Ìbejì, ẹ ṣàánú mi. Mi ò lè dìde mọ́. Ẹ bá mi rán àwọn ọmọ wọlé, kí wọ́n wá gbà mí."

Ẹ gbọ́ ná. Gbogbo àlàyé tí mo ṣe lórí tábìlì ṣinṣín, nítorí ọmọ ni, kò wọlé. Èyí tí mo bẹ̀ fún ara mi, kò tíì balẹ̀ tí Ìyá Ìbejì fi gbà á. "Yéè, àǹtí mi! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sáré, ẹ lọ gba màmá o!" Ó tú ọwọ́ àwọn ìbejì sílẹ̀, àwọn ìyá yòókù sì tú tiwọn. Gbogbo wọn ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin ẹ máa sọ fún mi bóyá ọmọ kankan rántí pé òun wá gba màmá. Wọ́n ń fò ni.

Ilẹ̀ gbé èmi àti ọmọ mi sókè, ó sọ wá sílẹ̀, ó tún gbé wa. Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín sí mi létí. Láàárín ẹsẹ̀ tó ń fò kọjá lójú mi, mo rí ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà kásù. Ó ti kó bàtà mi méjèèjì dání, kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Bó ti wù kí ilẹ̀ jù wá sókè tó, ibì kan náà ni ọmọ mi ń yí padà sí, kòtò ẹ̀gbẹ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí ikùn mi, kò gbé e kúrò.